Màmá Bọ́tìnì, Olùkọ́ Tó Kúnlẹ̀ Bẹ Ọmọ Ọdún Méje

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1944, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan, ni a bí Màmá tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Màmá Bọ́tìnì. Aránṣọ náà ni ìyá wọn. Bàbá wọn ń ṣe bàtà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan náà. Màmá ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún. Ẹni tó mọ ìwà tútù Màmá lágbà kò ní gba ohun tí ẹbí fẹ́ sọ yìí gbọ́: ọmọ tó gbóná ni wọ́n. Ní ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n fi òòlù bàbá wọn fọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù nítorí pé àbúrò wọn jẹ búrẹ́dì wọn. Ìyá wọn kò nà wọ́n. Agolo bọ́tìnì ni ìyá náà gbé kalẹ̀, pé kí wọ́n ṣa funfun kúrò nínú dúdú kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó ṣà á tán, inú ti rọ̀.

Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1950, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní ọdún 1965. Ní oṣù kìíní ọdún 1966 ni wọ́n wọ yàrá kíláàsì kìíní, èyí tó kángun sí ẹ̀rọ omi, wọn kò sì kúrò níbẹ̀ fún ọdún méjìdínlógójì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn aláṣẹ fi ipò ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lọ̀ wọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá kọ̀ ọ́.

Ọdún 1969 ni Màmá fẹ́ Bàbá, alátùn-únṣe aago. Bàbá tó ń tún aago gbogbo àdúgbò ṣe pẹ́ dé ibi ìgbéyàwó ní wákàtí kan gbáko, Màmá kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú títí Bàbá fi dágbére fáyé ní ọdún 1998. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Iṣẹ́ Màmá ló ń ya ẹbí lẹ́nu di òní. Ìwé kíkà àti ìṣirò ni wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ láti kọ́ ọmọ. Màmá kọ́ wọn, wọ́n sì fi tiwọn lé e. Kí ọmọ tó kúrò ní kíláàsì kìíní, ó gbọ́dọ̀ lè so okùn bàtà rẹ̀, kó fọ hánkáṣíìfù rẹ̀ kó mọ́, kó se ẹyin láì jẹ́ kí omi gbẹ, kó sọdá títì láìsáré, kó sì mọ ohun tó ń ṣe òun fúnra rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló le jù. Bí ọmọ bá lu ẹnìkejì, Màmá á lóṣòó tì í, wọ́n á bi í pé inú ló ń bí i ni, àbí ojú ló ń tì í, àbí ẹ̀rù ló ń bà á. Ọmọ tó ń bú ramúramù á ronú díẹ̀, á ní, "Ojú ló ń tì mí." Ìjà parí nìyẹn. Àgbàlagbà mélòó ló mọ ìyàtọ̀ yẹn?

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ẹ̀wù àgbà kan ń kọ́ sí, bọ́tìnì méjìlá ló ní. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Ẹ̀wù Jẹ́ẹ́. Ọmọ tínú ń bí á gbé e wọ̀, á de bọ́tìnì láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bó bá ṣi ihò kan, á tún un bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó bá tán ló tó lè ro ẹjọ́ rẹ̀. Òkìkí ẹ̀wù yìí kàn débi pé bàbá ọmọ kan yá a lọ sílé. Kì í ṣe nítorí ọmọ.

Ní ọdún 1981, ìyá ọmọbìnrin kan tó wà nínú kíláàsì Màmá kú. Ọmọ ọdún méje ni ọmọ náà, awakọ̀ akẹ́rù ni bàbá rẹ̀. Ọjọ́ kẹta tó padà sí kíláàsì, ó lọ mú ẹ̀wù náà fúnra rẹ̀, ó dè é, ó tú u, ó tún dè é. Kò sunkún, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Màmá yìn ín lójú gbogbo kíláàsì pé ẹ wo bí ó ṣe ṣe ọkàn akin. Àṣìṣe tó dun Màmá jù láyé nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ kẹta, awakọ̀ náà wá sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ó ní ọmọ òun kò sọ̀rọ̀ mọ́ nílé, oúnjẹ kò kọjá ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, bọ́tìnì aṣọ rẹ̀ ló ń dè tó ń tú látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Olùkọ́, kí lẹ kọ́ ọmọ mi?" Ọmọ tó ń jókòó ti ọmọbìnrin náà ló dáhùn: "Màmá ní ká máa dè é títí nǹkan tó ń dùn wá á fi lọ. Tirẹ̀ ò tíì lọ ni."

Ẹ̀rù ba Màmá. Wọ́n sọ fún Bàbá pé bí ohùn ọmọ yẹn kò bá padà, àwọn kò ní wọ kíláàsì mọ́ láyé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, níwájú ọmọ mẹ́rìndínlógójì àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọjá lọ, Màmá kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì síwájú ọmọ náà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ kò pé. Ìbínú la ń de bọ́tìnì fún. Ìbànújẹ́, ńṣe là ń sun ún lẹ́kún. Mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn. Dárí jì mí." Ẹkún gbọ̀n wọ́n. Ọ̀gá fà wọ́n lápá pé kí wọ́n dìde, wọn kò dìde. Ọmọ náà wá ní, "Màmá mi ti kú." Ẹkún yẹn gùn dé àkókò ìsinmi. Gbogbo kíláàsì bá a sun ún. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sunkún sí.

Ọ̀gá kọ̀wé ìbáwí pé àgbàlagbà kì í kúnlẹ̀ fọ́mọdé. Màmá dá a lóhùn pé ẹni tó bá ṣẹ̀ ní í bẹ̀bẹ̀. Ẹbí ń ronú sí i títí di òní: àgbà tó ní gbogbo àwíjàre lọ́wọ́, tó sì fi sílẹ̀.

Màmá fẹ̀yìn tì ní ọdún 2004. Wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run, wọn kì í sì í pa ilé ìjọsìn jẹ. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ń kọ́ àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn ti ṣaláìsí bí a ṣe ń dáná. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin kan se ẹyin fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó sì gbé e ká àdúgbò.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ọdún 2023, Màmá sùn nínú àlàáfíà ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Wọ́n fi àbúrò méjì sílẹ̀ sáyé, àti ọmọ mẹ́rin: àkọ́bí jẹ́ káfíńtà, èkejì jẹ́ aránṣọ, ẹ̀kẹta ń tún aago ṣe ní ìsọ̀ Bàbá. Ẹ̀kẹrin jẹ́ nọ́ọ̀sì àwọn ọmọdé. Màmá kò lóyún rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Màmá ló ti máa ń dúró de bàbá rẹ̀ tó bá wakọ̀ akẹ́rù lọ, títí ilé fi di ilé rẹ̀. Òun ni ẹbí ní kó kọ ìtàn yìí. Ọmọ-ọmọ jẹ́ mọ́kànlá, àrọ́mọdọ́mọ jẹ́ méjì.

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá pa láṣẹ nípa òní: kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún ọmọdé kankan létí sàréè pé ó tó, kó dákẹ́. Ẹbí ń bẹ gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá bá wa dárò kí ẹ pa á mọ́, fún ọmọdé àti fún àgbà.

Sùn re o, Màmá. Ẹkún wa kò tíì tán, a ó sì sun ún tán.