Ihò Orí Òrùlé Yín

Bàbá mi,

Èmi ni. Bọ́sẹ̀, ọmọ tí Fúnmi ọmọ mi bí, ló ń bá mi kọ ọ́, nítorí ẹ mọ̀ pé ẹ kò rán mi lọ sílé ìwé. Mi ò torí ìyẹn kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà nílẹ̀.

Ilé àdúrà róbótó tí ẹ kọ́ fún ìjọ ní Odòde ṣì dúró. Ara ògiri rẹ̀ ti dúdú, ewúrẹ́ ń sùn sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò là níbì kankan. Ìjọ ti kó kúrò níbẹ̀ tipẹ́, wọ́n ti kọ́ ilé àdúrà ńlá sẹ́bàá títì. Kòkó ni mo ń kó síbẹ̀ báyìí. Páànù tí wọ́n fi dí ihò orí òrùlé náà ṣì wà níbẹ̀.

Bọ́sẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà nílé ìwé gíga ní Àkúrẹ́. Ìsinmi ló wá lò lọ́dọ̀ mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń wo àwòrán mẹ́rin nínú fóònù, ó ń pòṣé. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n mú èyí tó jẹ́ tẹ́ḿpìlì olókìkí kan tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ kọ́, kí wọ́n sì fi bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ṣàlàyé. Inú ilé nìkan ni àwòrán náà fi hàn, kò sí orúkọ lára ọ̀kankan. Mo ní kí n wò ó.

"Mama, ẹ ò lè mọ eléyìí o. Ilé òyìnbó ni."

"Gbé e wá. Èmi ni mi ò lọ sílé ìwé, ojú mi kọ́."

Bàbá, mo rí i. Àwòrán ara kàlẹ́ńdà tí fádà fún yín nígbà tí ẹ bá wọn mọ ilé wọn ni. Ògiri yípo, kò sí fèrèsé kan ṣoṣo, ìmọ́lẹ̀ róbótó kan sì lẹ̀ mọ́ ara ògiri bí àwo. Ṣé ẹ rántí bí gbogbo wa ṣe ń bá yín jiyàn pé àtùpà ni? Ẹ ní kò sí àtùpà tó ń tàn báyẹn. Ẹ ní òòrùn ni, òkè ló gbà wọlé, òrùlé náà ní ihò. Ẹ kò mọ orúkọ ilé náà, ẹ kò sì mọ ìlú tó wà.

Mo fìka tẹ̀ ẹ́, mo ní òun nìyí. Bọ́sẹ̀ ní iná mànàmáná ló wà lára ògiri yẹn.

"Wá wáyà rẹ̀ fún mi."

Ó wá a tì. Ó tẹ fóònù lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, ló bá pariwo.

"Mama! Páńtíọ́nù ni! Ihò wà lórí rẹ̀ lóòótọ́! Ta ló sọ fún yín?"

Mo ní bàbá mi ni.

Ó wá ka ìyókù fún mi. Ó kù díẹ̀ kí ilé náà pé ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Òjò máa ń gba ihò náà wọlé, ilẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀, àwọn ihò kéékèèké inú ilẹ̀ á sì gbé omi náà mì. Ẹ ṣe àwọn ihò ilẹ̀ yẹn, Bàbá, àwòrán kàlẹ́ńdà kò sì fi wọ́n hàn. Báwo lẹ ṣe mọ̀?

Ẹ kó erùpẹ̀ kún inú ilé àdúrà náà bí òkìtì, ẹ da kọnkéré lé e lórí kó lè di òrùlé, ẹ sì fi ihò sílẹ̀ lókè bíi ti kàlẹ́ńdà. Nígbà tó gbẹ, mo bá yín ru erùpẹ̀ náà jáde títí ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi tí òjò kọ́kọ́ rọ̀, àwọn ìyá ìjọ ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì bo gbogbo ihò ilẹ̀. Omi mu gbogbo wa dé kókósẹ̀, sùtánà funfun rẹ gbindingbindin. Ẹnì kan nínú ìjọ kígbe.

"Ẹ wo bíríkìlà wa! Kànga ló gbẹ́ fún Ọlọ́run!"

Ẹ ní kí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Alàgbà wá kọjú sí èmi tí mo bá yín ṣiṣẹ́, ó bi mí bóyá ohun tí ẹ wí tọ́. Ojú ń tì mí, ni mo bá dá a lóhùn.

"Ẹ má dá wọn lóhùn. Orí wọn ti ń yí."

Ẹ kàn wò mí. Ẹ kó irinṣẹ́ yín, ẹ kò sì mọlé fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí ẹ fi kú. Kí ló dé tí ẹ kò gbá mi létí? Ìbá sàn.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo lọ sí ìjọ ẹ̀bá títì. Nígbà tó kan ẹ̀rí jíjẹ́, mo dìde.

"Bàbá mi ló kọ́ ilé àdúrà wa àkọ́kọ́. Mo ní orí wọn ti ń yí. Irọ́ ni mo pa. Ilé náà tọ́."

"Halelúyà!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n lu agogo. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi fà mí láṣọ.

"Mama, ẹ kú ìdùnnú o. Ṣé ara bàbá ti wá yá pátápátá?"

Mo ní ó ti kú. Ó gbójú sílẹ̀.

Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ òjò yẹn. Wọ́n ti sin gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀.

Bọ́sẹ̀ ní ká ṣí páànù náà. Mo ní kòkó wà lábẹ́ rẹ̀, ìgbà tí a bá tà á la ó ṣí i. Ọjọ́ Ajé ni Bọ́sẹ̀ ń padà, ilé á tún pa rọ́rọ́.

Àwọn tí mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ lójú wọn ti tán. Ẹ̀yin nìkan ló kù tó gbọ́ ọ, ẹ kò sì sí nílé. Síbẹ̀, mo kó o jẹ. Orí yín pé, Bàbá. Ó pé ju tèmi lọ.

Ó dàárọ̀.

Ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín, tí kò sì sọ ọ́ rí.