Òdòdó Tí Àbúrò Yín Ro Dànù

Ẹ kú ilé o, Mọ́mì, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kí Dádì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo kí Àǹtí Sìdí àti àwọn ọmọ. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mi ò sì ní fi pamọ́ fún yín.

Ẹ̀yin lẹ ní kí n gba àbúrò yín, Uncle Múfú, sílé ní Peckham nílùú òyìnbó níbí títí wọ́n á fi rí yàrá tiwọn. Mo gbà wọ́n tayọ̀tayọ̀. Láàárọ̀ Sátidé, mo lọ sí ṣíìfù ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Uncle kírun tán, wọ́n wo iwájú ilé, wọ́n ní igbó ti bò ó. Wọ́n yá ṣọ́bìrì lọ́wọ́ aládùúgbò, wọ́n ro ó títí ibẹ̀ fi mọ́ tónítóní. Nígbà tí mo dé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n ń retí kí n kí wọn kú iṣẹ́.

Mọ́mì, kì í ṣe igbó! Òdòdó ni, aláwọ̀ àlùkò. Ní pápá gbalasa ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ń hù fúnra rẹ̀. Láti inú irúgbìn ni mo ti tọ́ ọ, ọdún sì yí po kó tó ju ewé lásán lọ, nítorí gbòǹgbò ló kọ́kọ́ ń rán lọ sísàlẹ̀. Nígbà ooru èṣín, iléeṣẹ́ omi ní kí ẹnikẹ́ni má fi rọ́bà bomi rin ọgbà nítorí ọ̀dá. Koríko ọgbà ìgbafẹ́ Peckham Rye gbẹ tán, tèmi dúró digbí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rudi àkọ́kọ́ ni Uncle ro ó dànù. Ní ìlú tí mo ti lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìgbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹnikẹ́ni, òun ni mo máa ń lọ wò tí mo bá jí.

Mo pariwo mọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo pariwo. Wọ́n ti pè yín kí n tó bọ́ bàtà. Ẹ̀yin náà pè mí, ẹ ní ṣé nítorí koríko ni mo ṣe ń rí àgbàlagbà fín, ẹ ní kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ẹ ò tilẹ̀ bi mí pé kí ni mo pàdánù. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mo mọ̀ pé ire ni wọ́n rò. Nílé wa, àlejò tó bá ro iwájú ilé fún onílé, ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣí ìkòkò ọbẹ̀ mi, wọ́n máa ń béèrè.

Oúnjẹ wọn kò yẹ̀ lórí tábìlì, mi ò fi ebi bá wọn jà. Ṣùgbọ́n mi ò ní kúnlẹ̀, Mọ́mì. Ẹ pè wọ́n, ẹ ní kí wọ́n sọ fún mi pé kí n má bínú. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ ọ́.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, á fi àlàáfíà kún ilé wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, títí kan ìyàwó Uncle, tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn rárá.

Èmi ni ọmọ yín tí inú ṣì ń bí,
Nímọ́ta