Adìẹ Díndín Inú Èébì Ológbò

Bàbá mi, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ ṣì ń hanrun nígbà tí mo ń jáde lọ síbi iṣẹ́, mi ò fẹ́ jí yín.

Ológbò wa tún bì láàárọ̀ yìí, inú bàtà mi ló bì sí. Ibi tí mo ti ń nù ún ni mo ti rí adìẹ díndín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé dókítà ẹranko ní inú rẹ̀ ò gba adìẹ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò oúnjẹ gbígbẹ ológbò lọ́kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, títí mo fi rí èyí tó jẹ́ ẹja nìkan. Nígbà tí kò yéé bì, mo tiẹ̀ ti bá ìyá tó tà á fún mi jà, pé ó tàn mí jẹ!

Ta ló wá ra adìẹ wọlé? Èmi kọ́. Ológbò ò sì mọ ọ̀nà ọjà. Mi ò sọ pé ẹ̀yin ni o, ẹ̀yin tí dókítà ní kẹ́ ẹ jìnnà sí ohun díndín. Mo kàn ń wò ó pé ẹnu ọ̀nà yàrá yín ni ológbò ń sùn sí láti ìjẹta.

Ẹ bu ife kékeré kan fún un nínú oúnjẹ ẹja yẹn, kẹ́ ẹ fi omi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá tún bì, mi ò ní pe dókítà rẹ̀ mọ́. Tiyín ni mo máa pè.