Àwọ̀ Ọ́ìlì Inú Ahun

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Ìwé, jọ̀ọ́, má bínú pé mo fọwọ́ kàn ẹ́. Àwọn tó mọ nǹkan ló yẹ kó máa kọ̀wé. Èmi ò tíì lo ọdún kan ní yunifásítì, mo sì ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò méjì. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́ fún Rejoice tá a jọ ń gbé yàrá ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, gbogbo họ́sítẹ̀lì á ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọ̀rọ̀ Ahun ni. Ọkọ̀ ìjàpá bàbá mi. Bàbá mi fúnra wọn ló sọ ọ́ lórúkọ. Láti ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti kú ló ti wà lẹ́yìn ilé wa ní Ọ̀yọ́, koríko ti hù gba inú rẹ̀ jáde. Bàbá Kareem, mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe nígbà ayé bàbá mi, ní kí n gbé ẹ́ńjìnì rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ọ̀yọ́ níbẹ̀. Àfọwọ́bà ni mo máa pè wọ́n níbí. Ojú wọn ti ń lọ. Ìka ni wọ́n fi ń ríran báyìí.

Ismaheel, ọmọ wọn, tíṣà ni ní Ìkòyí-Ilé. Ó fẹ́ kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Wọ́n ti jọ fẹnu kò: tí ẹ́ńjìnì Ahun bá ṣiṣẹ́, Àfọwọ́bà á dúró sídìí iṣẹ́ wọn. Tí kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún un.

Wọ́n ní èmi ni kí n jẹ́ ojú wọn. Èmi tí ara mi ò dá lójú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹsàn-án

A ti tú ẹ́ńjìnì palẹ̀ tán. Ó là sí méjì bí èèpo ẹ̀pà. Kò sí omi nínú rẹ̀ rárá — atẹ́gùn ló ń tù ú, fáànù ńlá kan ló ń fẹ́ ẹ. Àfọwọ́bà ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń wá rédíétọ̀ rẹ̀ kiri títí á fi rẹ̀ wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti wá a lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mi ò sọ.

Wọ́n ń fi ìka wo bẹ́rìnnì bí ẹni ń wá eyín lẹ́nu ọmọ ọwọ́. Wọ́n á ní kí n ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Mo kà á. Mo tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lá àlá pé mo gbàgbé nọ́ọ̀tì kan sínú rẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan ní kíláàsì lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Ó ti di odidi. Písítìnnì mẹ́rin, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Àfọwọ́bà gbé ọwọ́ mi lé sípánà, wọ́n ní kí n má fi agbára dè é, pé tó bá ti tó, á dá mi lóhùn. Mi ò gbọ́ ohùn kankan. Mo ní mo ti gbọ́.

Wọ́n wá ní, "Ohun tí o bá rí ni kó o máa sọ fún mi o, Dámisí. Kì í ṣe ohun tó máa dùn mọ́ mi."

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Oṣù Kẹwàá

Mo da ọ́ìlì tuntun sí i láàárọ̀. Àfọwọ́bà lọ kí Jímọ̀. Màmá mi gbé ìrẹsì wá, àwọn náà wà lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, sùtánà funfun ló wà lọ́rùn wọn. Mo fi wọ́n sílẹ̀ nídìí ẹ́ńjìnì, mo lọ ra bẹntiróòlù. Nígbà tí mo dé, wọ́n ń nu ọwọ́ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, ọ̀la á dára.

Mi ò lè jẹ ìrẹsì náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

Ká tó ṣáná sí i, Àfọwọ́bà ní kí n fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì ga ju àmì lọ, ó ga dáadáa. Mo rò pé èmi ni mo dà á jù lánàá. Ismaheel dúró, ó káwọ́ gbera. Mo ní ó pé.

Ẹ́ńjìnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Ohùn tó máa ń jí mi nígbà tí bàbá mi bá fẹ́ gbé mi lọ sí iléèwé — òun gan-an. Àfọwọ́bà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, wọ́n ń mi orí. Bóyá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàn, kò, kò, kò, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ó há. Ó dákẹ́.

Ismaheel bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Kò lè rí wa dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ wa. A tú ọ́ìlì sínú báásíìnì. Ó funfun. Bíi tíì tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀. Omi, nínú ẹ́ńjìnì tí kì í lo omi. Òórùn rẹ̀ sì gbé mi nímú: lọ́fínńdà. Lọ́fínńdà tó máa ń wà nínú omi àdúrà màmá mi.

Àfọwọ́bà ti ìka bọ̀ ọ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò pa á. Wọ́n gbé e sí imú.

"Dámisí, àwọ̀ wo ló ní?"

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Mo ro ohun tí Ismaheel máa sọ nípa màmá mi àti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo rántí ọ̀pá ọ́ìlì.

"Dúdú ni, Bàbá."

"Ó dáa." Wọ́n nu ìka wọn. Wọ́n wá pe Ismaheel, wọ́n ní ọwọ́ àwọn ni, bẹ́rìnnì làwọn ò tò dáadáa. Wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

Odindi igo omi àdúrà kan ni màmá mi dà sínú ẹ́ńjìnì. Màmá ní wòlíì gbàdúrà sí i. Ogún ọdún ni Màmá fi jókòó nínú Ahun, wọn ò wo ẹ́ńjìnì rẹ̀ rí. Wọ́n wá ibi tí wọ́n ń da omi sí, wọn ò rí i, ni wọ́n bá ṣí ìdérí tí wọ́n rí.

Wọ́n ń sunkún. "Àbí ìgbàgbọ́ mi ló kéré, Dámisí?"

Mo ní rárá. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Ismaheel ti wá kó wọn lọ. Ṣọ́ọ̀bù ti wà ní títì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹwàá

Mo gun ọ̀kadà láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìkòyí-Ilé. Mo bá Àfọwọ́bà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fi ìka ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀: igo omi, màmá mi, ọ̀pá ọ́ìlì, irọ́ tí mo pa.

Ọwọ́ wọn ò dúró.

"Mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ta ni ò mọ lọ́fínńdà? Ẹ́ńjìnì ṣeé tún tú. Ohun tí o máa sọ ni mo ń dúró dè."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà, pé mi ò ní purọ́ fún wọn mọ́. Wọ́n ṣa òkúta kan nínú ẹ̀wà, wọ́n jù ú sí àgbàlá.

"Ojú kan ṣoṣo tí mo ní ló sọ pé dúdú ni."

Wọn ò bínú. Ìyẹn ló burú jù. Wọ́n ní kí n má sọ fún màmá mi, pé ẹni tó gbàdúrà fún iṣẹ́ àwọn ò ṣẹ àwọn.

Màmá pè mí bí mo ṣe ń wọ Under G. Ọjọ́ kẹta àwẹ̀ wọn rèé, nítorí ìgbàgbọ́ wọn tó kéré. Ohùn wọn ti há. Mo ní kí wọ́n rọra o, mo pa fóònù.

Ìwé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo máa fi ẹ́ sí. Tí Rejoice bá ṣí ẹ, má jẹ́ kó rí nǹkan kà. Tí màmá mi bá ṣí ẹ, jọ̀ọ́, má sọ fún wọn.