Ìpín Gwen Nínú Ilé Ìgbẹ̀ìn

Èmi, Beatrice Morónkẹ́ Olúbọ̀dé, ọmọ Prosser, opó olóògbé Tíṣà Theophilus Olúbọ̀dé, tí mò ń gbé ní Ìgbẹ̀ìn, Abẹ́òkúta, ni mo ní kí a kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ojú mi ló ń ṣe bàìbàì, kì í ṣe ọpọlọ. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ mi ti gbìyànjú rẹ̀. Ìwé ìhágún yòówù tí mo ti kọ ṣáájú èyí, mo fagi lé e.

1. Mo fi Ọ̀gbẹ́ni Túbọ̀sún Ògúnníyì, tí òun àti ọkọ mi jọ ṣe iṣẹ́ tíṣà, ṣe alámòójútó ogún mi. Ó le lẹ́nu, kì í sì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ìdí tí mo fi mú un nìyẹn.

2. Àwọn ìkòkò aró mi àti ewúrẹ́ mi jẹ́ ti Adépéjú, ọmọbìnrin mi. Oko Òṣíẹ̀lẹ̀ jẹ́ ti Dìran, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó lè tà á bó bá wù ú. Kò fẹ́ràn oko rí.

3. Mo dé orí ilé báyìí, níbi tí ọ̀rọ̀ wà. Ilé olókè tí mò ń gbé ní Ìgbẹ̀ìn, kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ. Bàbá mi, Ifor Prosser, ló fi owó iṣẹ́ èédú inú ilẹ̀ kọ́ ọ ní 1926. Ará Wales ni. Ẹ má pè é ní Gẹ̀ẹ́sì; ìyá mi ní inú máa ń bí i, bí ìgbà tí èèyàn bá pe ará Ẹ̀gbá ní Ìjẹ̀bú.

Láti ayé bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀lé èédú kiri. Àgùntàn ni wọ́n ń sìn lórí òkè tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ebi lé wọn sọ̀kalẹ̀, wọ́n wọ inú kòtò èédú. Bí kòtò kan bá tán, wọn a kó ẹrù lọ sí òmíràn. Bàbá bàbá mi wúkọ́ dúdú títí tó fi kú. Méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀ kò jáde láti inú ilẹ̀. Bàbá mi, tó ṣẹ́kù, bá iṣẹ́ náà dé Enugu, ó di ọ̀gá àwọn tó ń wa èédú. Ibẹ̀ ni ìyá mi, Asiata, tó ń kó àdìrẹ lọ tà, ti pàdé rẹ̀. Ó ní ìyàwó àti ọmọ nílé. Ó sọ fún ìyá mi, ìyá mi sì gbà. Mo fẹ́ràn bàbá mi. Ó máa ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé mi. Òrùlé kòtò wó lù ú ní 1934, Enugu ni wọ́n sì sin ín sí.

Nígbà tí ìyá mi kú tí wọ́n ń pín ilẹ̀ bàbá wọn, àwọn àbúrò rẹ̀ ní n kì í ṣe ọmọ ilé, kí n lọ wá ìpín mi lọ́dọ̀ òyìnbó. Mo lọ. Lọ́dún 1962, tí ọkọ mi ń kàwé ní Cardiff, ní Wales, mo wọkọ̀ lọ sí ìlú tí bàbá mi máa ń dárúkọ. Bàbá arúgbó kan tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì mú mi yí ibojì ká, ó ń ka àwọn Prosser fún mi, ó sì ń sọ ohun tó pa wọ́n: kòtò, kòtò, ikọ́, kòtò. Ó ní ó ku ẹnìkan láyé, Gwen, ọmọ tí bàbá mi fi sílẹ̀ nílé. Ó fi ilé rẹ̀ hàn mí.

Iwájú orí bàbá mi gan-an ló wà lára obìnrin náà. Mo kúnlẹ̀ kí i nínú òjò, torí ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní bàbá òun kò bí ọmọ dúdú, ó sì tilẹ̀kùn. Mo sunkún títí mo fi dé Cardiff.

4. Mo pàṣẹ pé kí a pín ilé yìí ní ìdí igi, bí a ti ń pín ogún bàbá nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ìyàwó méjì ló bímọ fún Prosser, ìdí igi méjì ló sì wà. Ìsàlẹ̀ jẹ́ ti Gwen àti àwọn ọmọ rẹ̀. Òkè jẹ́ tèmi. Kí Dìran àti Adépéjú jọ ní i.

Dìran ní òyìnbó kì í pín ogún ní ìdí igi. Ìgbẹ̀ìn ni ilé wà, kì í ṣe Wales. Ó tún ní ẹni tó lé mi bí ajá kò lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan kan. Dìran ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ tó sọ mí di ọmọ Prosser náà ló sọ Gwen di ọmọ rẹ̀. Bí mo bá ní Gwen kì í ṣe ọmọ kí ẹ lè rí gbogbo ilé tà, a jẹ́ pé òótọ́ ni gbogbo wọn sọ nípa mi.

5. Ní Àjíǹde tó kọjá, mo jí lójú oorun ọ̀sán, mo bá Dìran àti ẹnìkan tó fẹ́ ralé tí wọ́n ń fi téèpù wọn pálọ̀ mi. N kò tíì kú. Bí Dìran bá ta ìsàlẹ̀, tàbí tó fi háyà, kí ìpín rẹ̀ lókè di ti Adépéjú.

6. Rédíò ní wọ́n ń ti àwọn kòtò èédú pa ní Wales, ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò sì níṣẹ́ mọ́. Ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ Gwen wà lára wọn. Kí Túbọ̀sún wá wọn kàn. Bí wọn kò bá dáhùn, ìsàlẹ̀ ṣì jẹ́ tiwọn. Kí Adépéjú máa gbá a.

7. Nínú ìkéde òkú mi, níbi tí a bá ti to orúkọ àwọn tí mo fi sáyé lọ, kí Gwen ṣáájú àwọn ọmọ mi. Kí a kọ ọ́ báyìí: Gwen, ọmọ Prosser, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí a fi ìwé ìròyìn náà ránṣẹ́ sí i. Bó bá kọ̀wé padà pé òun kò mọ̀ mí rí, ẹ má yọ ọ́. N kò ní ẹ̀gbọ́n mìíràn.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi sí i, ní Abẹ́òkúta, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ, ọdún 1985.

B. M. Olúbọ̀dé

Ìṣojú wa ló ṣe:
Bùsírátù Ọláògún, aláṣọ, Adigbẹ
Josiah Adébímpé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìgbẹ̀ìn