Ariwo Jẹnẹrétọ̀ Tó Wà Lẹ́yìn Ohùn Yín

Bàbá mi tí kì í gbé nǹkan sí ibi tí kò yẹ,

Ọ̀rọ̀ yín sú mi. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n máa bínú sí ẹni tó ti kú, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, ni kí ẹ ti máa bá èèyàn sọ̀rọ̀? Mo gbà pé ibẹ̀ ni wáyà tí ẹ fi ń gba iná sí fóònù wà. Ṣé ẹ ò lè yọ fóònù nídìí iná fún ìṣẹ́jú kan péré ni? Rárá o. Ẹ á dúró ti ariwo yẹn, ẹ á máa pariwo lé e lórí, ẹ á gba ohùn yín sílẹ̀, ẹ á wá fi ránṣẹ́ sí èmi tí mo wà ní ìgboro Ifẹ̀ kan náà pẹ̀lú yín.

Ohun tó fà á tí mo fi ń kọ̀wé rèé. Màmá wá bá mi níbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n jókòó. Wọ́n ní àwọn ti ń gbàgbé bí ohùn yín ṣe rí. Àwọn ń rí ojú yín, àwọn ń rí ẹnu yín tó ń mì, àmọ́ àwọn ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ kó tó lọ pátápátá. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé iṣẹ́ mi nìyẹn.

Iṣẹ́ mi. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn? Pé mò ń ṣe kọ̀ǹpútà. Gbogbo ọdún tí mo fi ń tún ohùn àwọn olórin ṣe, ẹ ò bi mí rí pé kí ni mò ń fi kọ̀ǹpútà ọ̀hún ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ wàyí, ẹ ò kúkú lè já lu ọ̀rọ̀ mi mọ́. Bí ohùn bá ti wọ kọ̀ǹpútà, màá to àwọn irinṣẹ́ kan tí ohùn náà máa gba inú wọn kọjá. Ọ̀kan ń yọ ariwo kúrò, ọ̀kan ń gbé ohùn tó rẹlẹ̀ sókè, ọ̀kan ń fún un ní gbohùngbohùn bíi pé inú ilé ńlá lèèyàn ti ń sọ̀rọ̀. Èyí tó ṣáájú àti èyí tó kẹ́yìn ṣe pàtàkì. Ẹ̀yin náà kì í jẹ́ kí a bu iyọ̀ sí ẹran tí a ò tíì fọ̀. Bí gbohùngbohùn bá ṣáájú, ariwo á ti di ìlọ́po kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́. Bí ohùn náà ṣe ń lọ lọ́wọ́, mo lè fa ọ̀kan síwájú èkejì, kí n sì gbọ́ ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo gbé kọ̀ǹpútà wá sí pálọ̀ yín ní Òkè-Ògbó. Nínú àwọn ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, èyí tí ẹ fi ń kọ́ mi bí mo ṣe máa to iṣu tí ẹ rà ní Ìpetumodù ni mo mú, pé kí n má kó èyí tó ní ọgbẹ́ sábẹ́. Mo ti yọ jẹnẹrétọ̀ kúrò, ohùn yín mọ́ tónítóní. Màmá tẹ́tí, wọ́n mi orí. Wọ́n ní ẹni yìí jọ yín, àmọ́ kì í ṣe yín.

Ibẹ̀ ni Dàpọ̀ ti Modákẹ́kẹ́ dé. Ẹ ṣá mọ ọmọ yín, kò sí iṣẹ́ tí kò mọ̀ bí ẹlòmíì bá ti ń ṣe é. Ó ní gbohùngbohùn ni kò tó. Mo fi kún un, ẹ wá di oníwàásù tó ń wàásù nípa iṣu. Ó ní kí n gbé e síwájú, mo gbé e síwájú. Ó ní kí n dá a padà. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ iṣu yín lọ, èmi ń fa irinṣẹ́ síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Màmá ò mi orí mọ́, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Kí ni àǹfààní kí èèyàn mọ iṣẹ́ kan dójú àmì, kó má wúlò fún ìyá ẹ̀?

Dàpọ̀ bá na ọwọ́ gba orí èjìká mi, ó ní òun fẹ́ fa èyí tó ń yọ ariwo sí ẹ̀yìn pátápátá. Ṣe ló fà á já kúrò láàárín àwọn yòókù, kò yọ ariwo mọ́. Jẹnẹrétọ̀ yín bú jáde nínú pálọ̀, ẹ̀yin náà ń pariwo lé e lórí. Èébú ti dé ètè mi.

Màmá dìde. Wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ, wọ́n ń kùn pé ṣé ọkùnrin yìí ò lè pa nǹkan yìí kó tó máa sọ̀rọ̀ ni, bí wọ́n ṣe máa ń lọ bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí àwọn pa á. Wọ́n ti di ilẹ̀kùn mú kí wọ́n tó rántí. Kò sí jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀ mọ́, a ti gbé e kúrò lẹ́yìn tí ẹ lọ. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọn ò wẹ̀yìn, títí ẹ fi sọ̀rọ̀ iṣu tán. Wọ́n wá ní kí n tún fi ohùn náà sí i, kí n má sì fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ohùn náà tòun ti ariwo rẹ̀ ti wà lórí fóònù wọn. Bí wọ́n bá ti wọ ilé ìdáná, ariwo yẹn á bẹ̀rẹ̀, orí á sì máa fọ́ mi. Dàpọ̀ ń sọ fún gbogbo ayé pé òun lòun tún un ṣe. Inú ń bí mi sí i, inú ń bí mi sí yín, àárò yín sì ń sọ mí. Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí Màmá pa jẹnẹrétọ̀ yẹn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń bẹ̀ yín?

Mo to iṣu náà bí ẹ ṣe ní kí n tò ó.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń ṣe kọ̀ǹpútà.