Bàbá Rẹ Kọ̀, Wọn Ò Ṣe Ẹni Kọkànléláàádọ́rùn-ún

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kì í fojú rẹ gbolẹ̀? Ẹni tó bá ní kí o sunkún, ojú ara rẹ̀ ni yóò fi sun ún. Àwa náà wà dáadáa, àfi bàbá rẹ tí wọ́n gé nǹkan kúrò lọ́rùn wọn. Má fò sókè, wọ́n ti ń jẹun. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù nítorí ọ̀rọ̀ yìí gùn, mi ò sì fẹ́ kí ó há sínú wáyà.

O mọ kókó ọrùn wọn yẹn. Bí wọ́n ṣe jẹ́ télọ̀ tó, wọn ò lè rán ṣẹ́ẹ̀tì tí bọ́tìnnì òkè rẹ̀ máa dé ara wọn lọ́rùn. Nígbà tó di pé omi lásán ń há wọn lọ́fun, a gba ọsibítù lọ. Dókítà obìnrin kan yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní iṣẹ́ abẹ ni, pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí àwọn bá ṣe é fún, mẹ́wàá ló ń kú. Bàbá rẹ dé fìlà, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, ó di ilé. Títí a fi délé ni wọ́n ń bi mí pé irú dókítà wo ló ń pa èèyàn mẹ́wàá tí ọlọ́pàá ò mú un.

Oṣù kan kọjá, wọ́n rù kan eegun. A padà lọ, dókítà àgbà ló dá wa lóhùn lọ́tẹ̀ yìí. Òun ní nínú ọgọ́rùn-ún, àádọ́rùn-ún ló ń yè. Inú bàbá rẹ dùn débi pé wọ́n fẹ́ wọn ṣòkòtò fún un lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé o wá rí ẹni tó mọṣẹ́?"

Nọ́ọ̀sì kan fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí n kọ orúkọ ẹni tó sún mọ́ aláìsàn jù. Bíríkìlà kan tí òun náà ń dúró de iṣẹ́ abẹ ló jókòó ti bàbá rẹ lórí bẹ́ǹṣì, èmi wà lápá ọ̀hún, mo bá kọ orúkọ bíríkìlà. Mi ò lè purọ́ sínú ìwé. Títí di òní, òun ni wọ́n ń pè pé kí ó wá sanwó oògùn.

Bí bàbá rẹ ṣe dé orí bẹ́ẹ̀dì báyìí ni dókítà obìnrin ìjọ́sí wọlé pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Bàbá rẹ ní àwọn ò fẹ́ eléèyàn mẹ́wàá, aláàádọ́rùn-ún làwọn bá sọ̀rọ̀. Dókítà àgbà ní iṣẹ́ kan náà ni, pé bí mẹ́wàá bá kú nínú ọgọ́rùn-ún, ṣebí àádọ́rùn-ún ló kù. Bàbá rẹ wo àjà. Wọ́n wá ní, "Ẹni kelòó ni mí?" Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé, ó ní ẹni kọkànléláàádọ́rùn-ún ni wọ́n.

Kó tó pa ìwé dé, wọ́n ti sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn tó máa yè ti pé, àwọn mẹ́wàá ló kù. Dókítà àgbà ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kà á, pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ẹnikẹ́ni máa bọ́ sí. Ìyẹn ló wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Bíríkìlà tó kàn gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó dìde. Mo kí i kú ìrọ́jú, mo bi í bóyá ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ká tó wí, ká tó fọ̀, bẹ́ǹṣì ti ṣófo.

Ọmọ mi, ibẹ̀ ni mo ti sunkún. Mo ní, "Bàbá ọmọ mi, mi ò ní ọgọ́rùn-ún nílé. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní." Àánú mi ló ṣe nọ́ọ̀sì, ó fa ìwé tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ nǹkan sí yọ, ó ní ó yá, ká bẹ̀rẹ̀ látorí ení. Bíríkìlà gbọ́, ó sáré padà wọlé, ìjà wá dé lórí ẹni tó máa ṣe ìkíní. Bíríkìlà lágbára ju bàbá rẹ lọ, wọ́n bá gba ipò kejì, wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn gun bẹ́ẹ̀dì.

Àwọn méjèèjì ló jáde láàyè. Bàbá rẹ ní ìwé tuntun ló wò wọ́n sàn.

Jọ̀ọ́, fi owó oògùn ránṣẹ́, kí o sì fi tèmi náà sí i, mo ti gbàgbé ara mi nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Níbi tí wọ́n bá ti ń pín ikú, o ò ní sí nítòsí. Níbi tí wọ́n bá ti ń pín ire, wọn ò ní ka ẹlòmíì kí wọ́n tó kà ọ́.

Èmi, ìyá rẹ.